Orúkọ Àbúrò Ọkọ Mi ní Ọ́fíìsì Orí Òpó

Lọ́sàn-án àná ni mo lá àlá kan, nígbà tí mo jẹ ẹ̀bà tán tí mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ jẹ́ kí n rò ó kí ó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Fóònù mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rákò jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, "Ìyá Ìbídùn, ẹ dìde. Ìjọba ti yí padà. Wọ́n ní àwọn á gé ìlà mi kí oòrùn tó wọ̀."

Ìbídùn ni ọmọ mi kan ṣoṣo. Kánádà ló wà, oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù, nọ́ńbà yìí nìkan ló sì mọ̀ sórí. Bí wọ́n bá gé e, ta ni yóò sọ fún mi pé ọmọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀?

Mo ní, "Ibo la ó gbà?"

Fóònù ní, "Òkè."

Mo dé ìta, mo bá ọ́fíìsì ìjọba tó rọ̀ sórí òpó gíga bí ìtẹ́ ẹ̀gà. Gbogbo ìkòkò amọ̀ tí mo ti fi ọwọ́ mi mọ láti ìgbà èwe mi ló to ara wọn léra lọ sókè, mo bá ń gùn wọ́n. Ẹ̀rù ò bà mí. Èmi náà ni mo mọ wọ́n.

Ọkùnrin oníkóòtù kan ló jókòó síbẹ̀. Ó ní, "Màámà, ẹ pe orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà yìí."

Mo ní, "Eyínfúnjowó ni."

Àbúrò ọkọ mi nìyẹn. Nígbà tí ìjọba kan ní ká wá tẹ ìka nítorí nọ́ńbà fóònù, amọ̀ ti jẹ ìlà ìka mi tán, ẹ̀rọ wọn ò rí nǹkan kan. Òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba mìíràn dé, ó ní ojú lòun fẹ́ yà. Eyínfúnjowó tún gbé ojú tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá náà wo ìwé. "Orúkọ yẹn kọ́ ló wà níbí. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ la fẹ́."

"Mi ò lè pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo bá a nílé yẹn. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ."

"Òfin ìjọba tuntun ni."

"Òfin ilé ọkọ mi ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ìjọba yín."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lọ́wọ́ mi. "Ẹ pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Fóònù, dákẹ́. Ìwọ ni mi ò bá nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè ọ́ lórúkọ."

Afẹ́fẹ́ fẹ́, ọ́fíìsì náà yí po, òrùlé di ìsàlẹ̀. Ìjọba mìíràn tún ti gorí oyè. Ọ̀gá hu irùngbọ̀n, ó yọ ìwo, ó di òbúkọ, kóòtù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Àwọn akọ̀wé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ ìwé orúkọ.

Mo ní, "Ẹ rọra jẹ ẹ́."

Òbúkọ fi ẹnu tó kún dáhùn: "A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni. Ohun tí ìjọba àná kọ, a gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán."

"Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ kọ Eyínfúnjowó síbẹ̀."

"Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Ìjọba tó ti kọjá látìgbà náà, sójà wà níbẹ̀, alágbádá wà níbẹ̀. Eyín ẹ̀ ti ku mẹ́ta, orúkọ náà ò yí padà. Ẹ kọ ọ́." Mo bá jókòó lé tábìlì wọn.

Òbúkọ gbé ìwé ẹnu rẹ̀ mì. Ó ti pátákò bọ tàdáwà, ó ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

Mo la ojú.

"Ìyàwó wa, ẹ̀rọ yín ń dún." Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ ló ń pè mí láti ìta. Ó wọlé, ó bá mi gbé e sétí. "Ohùn ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní ìjọba tuntun fẹ́ ká wá tún orúkọ kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gé e."

Ewúrẹ́ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé orúkọ tí ìjọba àná fún wa níjọ́sí ló ń jẹ.

Mo kọjú sí i, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́."

Mo wé gèlè. "Eyínfúnjowó, ẹ wọ bàtà."

"Níbo là ń lọ?"

"Ọ́fíìsì wọn. Ẹnu yín lẹ ó fi pe orúkọ yín. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."