Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì Dókítà Eyín

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ ṣe ń sọ àgbàlagbà di ẹrú, kó wá wo Dókítà Eyín lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún, tó ń wọ ẹ̀wù funfun tọ́jú eyín olówó àti tálákà, á sáré jáde pẹ̀lú tápólì lórí, á lọ máa bo mọ́tò. Mọ́tò ọ̀hún kéré, ó pupa, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì fi díẹ̀ ju dókítà fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn tó fẹ́ràn eré sísá ju kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ṣe é fún láyé ọjọ́un. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀, aṣọ náà sì ti gbó débi pé bí ẹ bá dí ojú ihò lápá ọ̀tún, apá òsì ni omi á gbà wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdí wọlé, kó tó wá máa kó ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ jáde, kó wá ẹni tí yóò fà á. Aago tó ń sọ iye epo inú rẹ̀ kì í sòótọ́. Fèrèsé kan kì í lọ sókè, èkejì kì í wá sísàlẹ̀. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á mọ́, àfi kí wọ́n rọ òmíràn. Ìyàwó dókítà máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ní orogún, pé orogún òun pupa, ó ń mu epo, ó sì ń sùn níta. "Èmi tí mò ń sùn nínú ilé," á wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ ò fi tápólì bò mí rí."

Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí énjìnì náà sì jí dáadáa, ìjà orogún parí nìyẹn. Tọkọtaya á ká òrùlé sẹ́yìn, wọ́n á gba ọ̀nà tó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ìjókòó rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé títì ń sáré kọjá lábẹ́ ìgúnpá wọn. Énjìnì á máa kọrin, ohùn rẹ̀ á máa ròkè sí i bí dókítà bá ti ń tẹ iná mọ́ ọn, ìyàwó á fi ọwọ́ méjèèjì di ìborùn rẹ̀ mú, á máa pariwo pé kó rọra, kó rọra, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ kó rọra. Dókítà, tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yọjú wo inú ẹnu tó ń jẹrà, á wá rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀rín tòótọ́ nìyẹn. Ó ní ẹ̀rín mìíràn tó ń lò níbi iṣẹ́.

Àna rẹ̀, baba ìyàwó rẹ̀, ló ń tọ́jú énjìnì náà. Mẹkáníìkì ni Bàbá láti kékeré. Òun ló rí mọ́tò náà níbi tí wọ́n pa á tì sí lẹ́yìn ilé kan tí koríko ti bò ó, òun ló ní kí àna òun rà á, àwọn méjèèjì ló sì jọ jí i dìde. Kábúrétọ̀ méjì ni énjìnì náà ní, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ jó. Méjèèjì gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa tú jáde, kò burú jù. Bí epo bá kéré jù ni wàhálà wà, torí énjìnì á máa gbóná láti inú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jó ara rẹ̀ lu.

Bàbá kì í fi ẹ̀rọ kankan wọn nǹkan wọ̀nyí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń lò. Á fi ẹnu rọ́bà kan sétí, á na ẹnu kejì sí kábúrétọ̀, á máa gbọ́ bó ṣe ń mí, á sì máa fi ọwọ́ kejì yí ìdè rẹ̀, ìṣó kékeré tó ń dín epo kù tàbí fi kún un, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mú ọ̀dà funfun, á kán díẹ̀ sórí ìdè náà kó má baà yẹ̀, kó sì lè mọ̀ bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án. Ó ní ọ̀dà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn òun.

Nígbà tó yá, etí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í di. Kò dédé ṣẹlẹ̀ lójijì. Fóònù á máa dún nínú àpò rẹ̀ títí yóò fi sú fóònù, Bàbá á sì dúró níbẹ̀, á máa nu sípánà. Bí ọmọ rẹ̀ bá ní kí àwọn lọ rí dókítà etí, á ní etí òun dá ṣáká, pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sókè. Àwọn oníbàárà ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, bí èèyàn ṣe ń yọ́ kúrò níbi òkú tí kò bá a tan. Ọgbà tí mọ́tò ti máa ń dí ara wọn lọ́nà tẹ́lẹ̀ wá ṣófo, ó ku irin tó ń dípẹtà àti ọkọ̀ pupa tó ń wá ní gbogbo Sátidé. Bàbá á fá irùngbọ̀n nítorí Sátidé yẹn. Á wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́, á ti dúró lẹ́nu géètì kí dókítà tó dé. Èmi ò mọ ohun tí ẹ máa pe ìyẹn, ṣùgbọ́n mọ́tò kan ṣoṣo yẹn ló mú kí arúgbó náà ṣì máa jẹ́ mẹkáníìkì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí nǹkan yíwọ́, etí dókítà ló gbọ́ ọ. Énjìnì ń húkọ́ bí ẹni tí omi sá lọ sí lọ́fun. Bàbá gbé orí sókè lẹ́nu kábúrétọ̀, rọ́bà wà létí rẹ̀, ó wo dókítà lójú.

"Ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa gan-an, Bàbá."

Ẹ̀rín ibi iṣẹ́ nìyẹn o. Bí aláìsàn bá jókòó sórí àga tó la ẹnu, tí ẹ̀rù ń bà á, ojú tí Dókítà Eyín máa ń ṣe nìyẹn, tí yóò máa sọ pé kò ní pẹ́, kò ní dùn yín, nígbà tí ó fi ẹ̀mú pamọ́ sẹ́yìn. Ó ti ṣe ojú yẹn títí, ojú yẹn ti mọ́ ọn lára. Kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Àna rẹ̀ ni, àgbàlagbà ni, ó fá irùngbọ̀n nítorí rẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ wí?

Bàbá kán ọ̀dà funfun sórí ìdè, wọ́n sì dágbére fúnra wọn.

"Ẹ sọ fún un," ni ìyàwó rẹ̀ wí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ìwọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo sún mọ́ ọn jù."

"Ọmọ rẹ̀ ni mí lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ni mi ò fi lè sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Tó bá jẹ́ èmi ni, á dà bíi pé mò ń sọ fún bàbá mi pé ó ti tán."

"Tí mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ńkọ́?"

 Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ, ó ká ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Síbẹ̀ ó gbé e lọ, ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹni ń yan àlè. Obìnrin kan ní òdìkejì ìlú mọ iṣẹ́ mọ́tò dáadáa, ó sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ibi tí èéfín ti ń jáde, tó máa sọ bí epo ṣe ń jó sí. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà, ó tún un wò.

"Ta ló ń bá yín ṣe é, sà?"

"Ẹnìkan ni."

"Kí ẹni náà má fọwọ́ kàn án mọ́ o. Epo tó ń wọlé ò tó rárá. Ó ń jó láti inú báyìí tá a ń sọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan ó máa dá ihò sí písítìnì inú énjìnì yìí, kò sì sí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí òmíràn rà. Ẹ jẹ́ kí n yí ìdè méjì yìí fún yín, kò ní pẹ́."

Ó ti na sikurudiráfà síbẹ̀. Dókítà rí ọ̀dà funfun lórí ìdè náà, tí ọwọ́ àgbà kán síbẹ̀, ó sì di ọwọ́ obìnrin náà mú.

"Ẹ má yí i."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò?"

"Èmi ni mo ni mọ́tò. Èmi kọ́ ni mo ni ọ̀dà yẹn."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè tó wọ bàtà tó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe wakọ̀ náà padà sílé, ó ń rọra tẹ iná, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo òkè. Ọ̀rọ̀ náà wá di iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Bó bá gba énjìnì là, á gba Sátidé lọ́wọ́ Bàbá. Bó bá fi Sátidé sílẹ̀ fún Bàbá, énjìnì á lọ. Àti Sátidé àti énjìnì, ó fẹ́ràn méjèèjì. Ó wá ń ṣe ohun tí àwọn tí kò rí nǹkan ṣe máa ń ṣe, ó ń sún un síwájú.

Àwọn Sátidé ń kọjá, énjìnì ń burú sí i. Orin tó máa ń kọ lẹ́bàá odò di ìkérora. Ìyàwó dókítà kì í pariwo pé kó rọra mọ́, torí mọ́tò náà ti ń rọra fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá sì tẹ̀ sórí kábúrétọ̀, ó máa ń gbé orí sókè wo àna rẹ̀ lójú, á wò ó pẹ́. Dókítà rò pé ìfẹ́ ni. Á rẹ́rìn-ín padà sí i. Bàbá á sì mú ọ̀dà.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ó ti pinnu pé òun máa sọ ọ́. Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò lójú ọ̀nà. Bàbá, ẹ má bínú. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ. Òórùn irin tó gbóná jù ń bọ̀ láti abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé géètì, ó bá Bàbá pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó ti fi abẹ gé ara rẹ̀ lágbọ̀n, ó sì ti lẹ bébà mọ́ ọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì kí i.

Bàbá ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó fi rọ́bà sétí, ó yí ìdè, ó wo ojú dókítà. Énjìnì gbọ̀n rìrì. Dókítà mọ̀ pé kò dáa, síbẹ̀ ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ó ti bọ́ sípò," ni Bàbá wí, inú rẹ̀ dùn. "Jẹ́ ká gbé e jáde. Mo fẹ́ jókòó nínú ẹ̀ lónìí."

Dókítà gbé Bàbá sínú ọkọ̀, ìdí ṣáájú, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni énjìnì ti dún gbàgà, bí ẹni fi òòlù lu ìkòkò irin. Èéfín bo bónẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ náà rìn díẹ̀ sí i pẹ̀lú okun tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró lẹ́bàá títì. Dókítà kò sunkún, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sunkún.

Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú ọkọ̀, níbi tó ti máa ń gbọ̀n. Ó gbé e síbẹ̀ pẹ́.

"Ó ti kú," ló wí.

Dókítà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá wá sọ̀rọ̀. Ó rò pé òun rọra sọ ọ́, kò mọ̀ pé òun ń kígbe, tí àwọn tó ń kọjá lọ ń bojú wẹ̀yìn. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ti pẹ́. Rọ́bà yẹn, mo kàn ń fi sétí ni. Ojú rẹ ni mo ń wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí mo bá yí ìdè tí ojú rẹ bá là, mo mọ̀ pé ó ti dáa nìyẹn, màá dúró síbẹ̀, màá kán ọ̀dà sí i. Mo ní ìwọ lo fẹ́ràn mọ́tò yìí ju gbogbo ayé lọ. Mo ní o ò ní lè fi ojú parọ́ fún mi lórí ẹ̀."

Dókítà jókòó síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín tó ti rín ní ọgbà yẹn, ọ̀wọ̀ lásán ló pè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń yí ìdè náà síbi tí kò yẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú rẹ̀ pa énjìnì náà, ó sì fi ọwọ́ Bàbá ṣe é.

"Ṣé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́?" ni Bàbá bi í. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń dúró.

Dókítà la ẹnu. Ó fẹ́ kí ojú òun rí bí inú òun ṣe rí, kí Bàbá lè kà á níbẹ̀, kó má baà ní láti pariwo ọ̀rọ̀ náà létí títì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù arúgbó náà bà á, àánú rẹ̀ ṣe é, ojú rẹ̀ sì lọ síbi tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàbá wo ẹ̀rín náà díẹ̀, ó sì mú ojú kúrò lára rẹ̀.