Egbò Ìka Títílayọ̀

"Ìyàwó wa, ìka yìí ò tíì jinná? Àbí ata lo fi ń fọ̀ ọ́?"

Goodness, àbúrò ọkọ Títílayọ̀, ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Láti Oǹdó ló ti wá kí ìyá rẹ̀ nílé Títílayọ̀ ní Àkúrẹ́, ó gbé búrẹ́dì kan dání bí ẹni tó gbé odidi ọjà wá. Títílayọ̀ wo ìka rẹ̀. Ìgbà tí iṣu tuntun kọ́kọ́ dé ni ọ̀bẹ ti gé e. Iṣu ti ń wọ́n lọ́jà, egbò ò dí.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Dókítà Adébùsóyè yẹ̀ ẹ́ wò. "Mà, kò sí àtọ̀gbẹ lára yín. Ìrònú ni. Bí ọkàn ò bá sinmi, tí oorun ò sí, ó máa ń rẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà. Ọ̀fìnkìn ò ní lọ, egbò ò ní tètè jinná. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń tọ́jú ìyá ọkọ yín tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn?"

"Èmi nìkan."

"Ọmọ mélòó ni wọ́n bí?"

"Mẹ́fà."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò ó.

Nílé báyìí, Títílayọ̀ rọra kọjú sí Goodness. "Ẹyínfúnjowó mi, ẹ jẹ́ kí Màmá bá yín lọ sí Oǹdó fúngbà díẹ̀."

"Èmi? Mo níṣẹ́ o! Iṣẹ́ ìyàwó ilé nìyẹn. Gbàdúrà, ọ̀tá ló wà nídìí egbò yẹn."

Títílayọ̀ dìde. "Àdúrà? Ta ló ń jí gbà á nínú ilé yìí? Ọlọ́run tí mò ń ké pè ló rán dókítà sí mi! Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ta ló ní kó mu ti ìyàwó ọmọ?"

Kọ́ládé, ọkọ rẹ̀, tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tí kò gbọ́.

Màmá gbójú sókè lórí àga. Ìgbàgbé ti gba orúkọ gbogbo ọmọ tó bí lẹ́nu rẹ̀. Oríkì Títílayọ̀ nìkan ló kù. "Àmọ̀kẹ́, ṣé ilé là ń lọ?"

Omi lé ròrò lójú Títílayọ̀. "Ilé ni, Màmá. Màá máa wá wò yín."

Ó wọ yàrá, ó di aṣọ Màmá sínú báàgì, ó ń fi ọwọ́ kan wọ́ ọ bọ̀.

"Goodness."

Kọ́ládé gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ Títílayọ̀ wọlé, bí àṣà ìyàwó, Ẹyínfúnjowó ló ń pè é, kò pe orúkọ yẹn rí.

"Goodness, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Wá dì í mú."