Ibi Tí Wọ́n Fi Felisa Sí

Iluminada kì í purọ́ dáadáa. Bó bá di dandan kó pa á, ó máa ń fẹ́ kí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ohun tó gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ Santa Quiteria lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn nìyẹn, tòun ti aṣọ ilé òkú lọ́rùn.

Felisa ló kú. Iluminada, Felisa àti Petang jọ dàgbà ni, wọ́n sì jọ kàwé lọ́dọ̀ àwọn Sísítà ní Santa Quiteria. Felisa kò bímọ. Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń pè ní ọmọ òun ni Divina, ọmọ Iluminada, nítorí òun ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ Divina lára. Ẹ̀kẹta ti wọ oṣù keje báyìí, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohunkóhun tó lè já a láyà. Gbogbo ilé wá fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ikú Felisa létí rẹ̀. Ní ti Divina, Felisa ṣì wà ní ọsibítù, ara rẹ̀ sì ń yá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ba Iluminada lẹ́rù ju ikú náà gan-an lọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Felisa di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ní, "Luming, mi ò ní lọ láìgbé ọmọ yẹn." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi lọ.

Nítorí náà, Iluminada kò fi nǹkan kan ṣeré nílé òkú. Kò jẹ́ kí omijé òun kán sórí gíláàsì pósí, nítorí èèwọ̀ ni. Wọ́n di bísíkíìtì fún un, kò gbà á, nítorí a kì í gbé oúnjẹ ilé òkú wọ ilé. Nígbà tí òun àti Petang dìde, àwọn ẹbí Felisa kò sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun kan ló kù. Ẹni tó bá ti ilé òkú bọ̀ kì í gba ilé rẹ̀ lọ tààrà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà síbòmíràn, kí òkú tó bá tẹ̀ lé e lè dúró síbẹ̀.

"Jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì," ni Petang wí. "Bó bá dúró síbẹ̀, á ṣáà máa gbóòórùn búrẹ́dì gbígbóná."

"Santa Quiteria la máa yà sí."

"Ilé tí wọ́n fẹ́ wó yẹn? Kí la sọnù síbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni mo sọ fún Divina pé à ń lọ. Tó bá ní kí ni mo rí níbẹ̀ ńkọ́? Irọ́ kan ti tó mi, Petang, mi ò lè tún pa ìkejì."

Petang bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí! O fẹ́ dẹ́ṣẹ̀, o tún fẹ́ kí wọ́n máa pè ẹ́ ní ẹni mímọ́. Ó dáa, Sísítà Luming, ẹ máa lọ níwájú."

Òjò ti ṣú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Àwọn àlùfáà Spéìn ló kọ́ ilé náà, òkúta nísàlẹ̀, pákó lókè, ó sì ti la ìmìtìtì ilẹ̀ àti ogun kọjá. Bíṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n wó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n wá ní kí àwọn tó kàwé níbẹ̀ wá wò ó kẹ́yìn, àmọ́ òjò tó ń bọ̀ ti lé gbogbo wọn lọ. Bàbá Nestor tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣílẹ̀kùn fún wọn. Iluminada àti Petang wọlé tán, ó ṣì di ilẹ̀kùn mú díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn, kó tó pa á dé.

Wọ́n ti kó àwọn ère lọ, ojú ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ sì funfun lára ògiri. Àtẹ̀gùn náà fẹ̀ bíi ti àtijọ́. Lókè, àwọn fèrèsé tí wọ́n fi ìkarahun pẹlẹbẹ ṣe wà ní títì, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú wọn wọlé sì dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Iluminada fẹ́ràn ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

"Ó tó," ni Petang wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "A ti yà, jẹ́ ká máa lọ."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ọ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀: ṣàà, ṣàà, ṣàà.

Kò sí ẹni tó kàwé níbẹ̀ tí kò mọ ìró yẹn. Èèpo àgbọn onírun ni. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn Sísítà máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìlàjì èèpo àgbọn mọ́lẹ̀, kó máa fi í ha pákó ilẹ̀ títí á fi máa dán. Felisa ni ọ̀gá wọn. Á ká yẹ̀rì sókè, á máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lọ, yọ̀ gẹ̀rẹ̀ bọ̀, á máa fi àwọn ọ̀lẹ ṣe yẹ̀yẹ́.

Petang gbá apá Iluminada mú. Ẹ̀rù ba Iluminada gan-an, àmọ́ ó ronú kan ikùn ọmọ rẹ̀.

"Felisa," ó pè é. "Ilé wa rèé. Ibí lo ti gbádùn ayé jù. Jọ̀ọ́, jókòó síbí. Ibí ni kó o dúró."

Ìró náà dákẹ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.

"Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?" ni Bàbá Nestor bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀rẹ́ wo?"

"Ìkẹta yín, tí ẹ jọ gòkè. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má pẹ́ o."

Petang wọ́ Iluminada wọnú kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú ọgbà. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ náà kọjá ọjà ni ẹ̀rín tó gbọ̀n ún. "Ó ti dúró, Luming! O gbọ́ ohun tí bàbá yẹn wí? Ó ti dúró síbẹ̀!" Iluminada náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó dùn ún pé wọ́n fi ọ̀rẹ́ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn ún lọ.

Wọ́n já Petang sílẹ̀ nílé rẹ̀. Nígbà tí Iluminada dé ilé tirẹ̀, Rodel, ọkọ Divina, ń nu alùpùpù rẹ̀ lábẹ́ òrùlé.

"Divina ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò pàdé ni, Màmá? Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ òun náà ni wọ́n fẹ́ wó, ó sì mú agbòjò lọ bá yín. Mo ní kó jókòó, àmọ́ ẹ ṣáà mọ ọmọ yín."

Iluminada sáré pe fóònù ọmọ rẹ̀. Ìró àkọ́kọ́ tó gbọ́ ni òjò. Èkejì ni ṣàà, ṣàà.

"Màámi, ẹ̀yin èèyàn yìí ò dáa o!" Divina ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò sọ fún mi pé ìyá ìsàmì mi ti kúrò ní ọsibítù!"

"Divina..."

"Àwọn nìkan ni mo bá lókè níbí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n jókòó dè yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀? Ọwọ́ wọn tutù gan-an. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e lé mi níkùn, kí wọ́n lè kí ọmọ."

Bí Iluminada bá sọ òótọ́, ọmọ rẹ̀ yóò ṣubú lulẹ̀ sórí pákó yẹn. Bó bá dákẹ́, ọwọ́ yẹn yóò kan ikùn náà.

"Má tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn ọ́," ó wí. "Kọ́kọ́ fún wọn ní fóònù. Mo fẹ́ kí wọn."

Kò gbọ́ mímí kankan lórí fóònù, àmọ́ ó mọ̀ pé Felisa ń gbọ́.

"Felisa, ọmọ náà kì í ṣe tìẹ. Kì í ṣe òun ló lé ẹ, èmi ni. Èmi ni mo mú ẹ débẹ̀ tí mo sá fi ẹ́ sílẹ̀ bí ẹrù. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Máa bọ̀ nílé. Tí o bá gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan, èmi ni kó o mú, jọ̀ọ́."

Ìró tó ń lọ lẹ́yìn dákẹ́. Divina gba fóònù padà.

"Màámi, kí lẹ sọ fún wọn? Wọ́n kàn dìde ni. Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ má tilẹ̀kùn. Mo fẹ́ fún wọn ní agbòjò, wọn ò gbà á."

"Ọmọ inú rẹ ńkọ́?"

"Ó ń tàpá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ń sunkún?"

"Dúró lọ́dọ̀ Bàbá Nestor nísàlẹ̀. Ọkọ rẹ ń bọ̀."

Ó pa fóònù, ó sì yíjú sí Rodel. "Gbé alùpùpù yẹn. Mú ìyàwó rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ ò gbọdọ̀ dé ibí lálẹ́ òní, ẹ ò sì gbọdọ̀ dé lọ́la. Má bi mí ní nǹkan kan, Rodel, máa lọ!"

Rodel kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó lọ.

Iluminada ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, òjò sì ń fẹ́ wọlé. Ó gbé àga méjì kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ọ̀kan.