Nọ́ńbà Ẹsẹ̀ Khàdíjàh

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sáré dé ìdí òpó iná yẹn, kí ẹ tún sáré padà."

Orí ìkúnlẹ̀ ni Tinúadé wà tó fi ń sọ̀rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so okùn bàtà fún olùkọ́ yunifásítì kan tán ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó bọ́ sí etí títì Lágere, ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Tinúadé ń wo bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bàtà eré sísá nìkan ni Alàgbà Awóníyì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kì í sì í kàn gbé e fún èèyàn bí ẹni gbé búrẹ́dì. Wọ́n á wọn ẹsẹ̀ oníbàárà lórí irin, wọ́n á wo bó ṣe ń sáré, wọ́n á fún un lómi tútù mu kó tó máa lọ. Ìlú Òyìnbó ni Alàgbà ti kọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń ti Ìbàdàn wá nítorí rẹ̀.

Ìyá kan àti ọmọbìnrin gíga kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí olùkọ́ náà ti wọlé. Tinúadé rí wọn, ó sì mọ ohun tó gbé wọn wá. Ó na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró ná. Wọ́n dúró sínú oòrùn. Àga mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó fẹ́ rajà ló sì wà fún.

Ìgbà tí olùkọ́ náà gbé páálí bàtà rẹ̀ wọnú ọkọ̀ ló tó pè wọ́n wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí," ni ìyá náà wí. Fàòsíyà lorúkọ rẹ̀. Opó ni, àlùbọ́sà ló ń tà ní Sábó. Ó dàgbà tó láti bí Tinúadé, síbẹ̀ "ẹ" ló ń fi bá a sọ̀rọ̀. "Bàtà tí ìgbìmọ̀ fún ọmọ mi ni. Ó jọ pé wọ́n ṣì í fún un ni. Kò gbà á lẹ́sẹ̀ rárá."

Khàdíjàh, ọmọ náà, yọ bàtà pupa kan jáde nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí káńtà jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kó má bàa dọ̀tí. Méjìdínlógójì ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Tinúadé kò yí i wò. Òun ló dì í sínú páálí.

Ọ̀rọ̀ náà kò le láti sọ. Ìgbìmọ̀ kan wà nílùú tó ń ṣètò eré sísá fún àwọn ọ̀dọ́. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n rí iléeṣẹ́ kan tó gbà láti ra bàtà fún àwọn asáré mẹ́jọ. Ọ̀gbẹ́ni Adédàmọ́lá, akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, kó àwọn ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ayàwòrán ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Tinúadé wọn ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹsẹ̀ Khàdíjàh jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ó gùn, ó tín-ín-rín, abẹ́ rẹ̀ le bí awọ, nítorí pé láìwọ bàtà ló ti ń sáré láti kékeré, láti Òkèrèwè dé ilé ìwé, láti ilé ìwé dé ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí irin tútù náà kàn án lẹ́sẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Adédàmọ́lá àti Alàgbà tilẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n jáde, Alàgbà ní kí Tinúadé kó àwọn bàtà kéékèèké tí kò tà láti ọdún méjì sẹ́yìn sílẹ̀ fún àwọn asáré náà, kó sì tún ìwé nọ́ńbà ẹsẹ̀ kọ, kó lè bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Àwọn bàtà tó bá àwọn asáré mu gan-an, tí iléeṣẹ́ náà sanwó fún, ẹ̀yìn ọkọ̀ Adédàmọ́lá ni wọ́n bá lọ. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ náà fẹ́ máa sáré láàárọ̀. Tinúadé fa ìwé kan ya, ó kọ òmíràn, bírò kan náà ló fi kọ méjèèjì, ó sì lọ jẹun ọ̀sán. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìrí owó oṣù gbà kó tó ríṣẹ́ síbí. Ó ti mọ bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ tí ọkàn kì í sí níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ wọn ẹsẹ̀ mi," ni Khàdíjàh wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ mi gùn ju ti àwọn ọkùnrin inú wa lọ. Ẹ rántí?"

"Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà," ni Tinúadé dá a lóhùn.

Alàgbà Awóníyì gbọ́ ohùn wọn, ó jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ yín á gbé wa ga o." Ó mú bàtà náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Ojúlówó nìyí. Bàtà tuntun máa ń fún èèyàn lẹ́sẹ̀. Tó bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á fẹ̀."

"Alàgbà, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò wọlé ni."

"Ó yẹ kó wọlé. Jẹ́ n wò ó, ọmọ mi."

Wọn kò fi àga lọ Khàdíjàh, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ki ẹsẹ̀ bọ inú bàtà náà, ó fà á, ó wa eyín pọ̀, ó tún fà á. Agbára káká ni gìgísẹ̀ náà fi rá wọlé. Orí bàtà náà yọ kókó-kókó níbi tí àwọn ọmọ ìka ti ká sínú.

"Ẹ rí i?" ni Alàgbà wí. "Ó wọlé."

"Ẹ bá wa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ forí jì wá," ni Fàòsíyà bẹ̀bẹ̀. "Ẹyọ kan ṣoṣo tó gùn díẹ̀ ju ìyẹn lọ."

Alàgbà ṣí fáìlì, ó tẹ ìka mọ́ ibì kan. "Khàdíjàh, méjìdínlógójì. Ta ló fọwọ́ sí i níwájú ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, sà," ni Khàdíjàh wí. "Wọn ò jẹ́ ká ṣí páálí ká tó fọwọ́ sí i."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìgbìmọ̀ nìyẹn. Kò kan ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé mo wá lè sáré láìwọ bàtà, sà? Bí mo ṣe ń sá a láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Adédàmọ́lá ní ẹni tí kò bá wọ bàtà tí wọ́n fún un kò ní sáré. Ó ní àwọn tó ra bàtà fẹ́ rí i nínú fọ́tò."

"Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ṣe èèyàn lóore, ó yẹ kó rí i."

Fàòsíyà kúnlẹ̀. Alàgbà sáré di apá rẹ̀ mú, ó gbé e dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Háà, Màmá! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Tinúadé, bá mi sin àwọn oníbàárà wa dẹ́nu ọ̀nà."

Ní orí àtẹ̀gùn, Tinúadé sọ fún Khàdíjàh pé kó fi omi rẹ bàtà náà, kó ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kó le dáadáa títí di ọjọ́ Sátidé, yóò fẹ̀ díẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní fẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta kì í ṣe ohun tí omi ń fẹ̀.

"Ẹ ṣé, Àǹtí," ni Khàdíjàh wí. "Ọlọ́run á san yín lóore."

Tinúadé padà wọlé, ó fi aṣọ nu ibi tí bàtà náà wà lórí káńtà.

Ẹnuwá ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Wọ́n á sá a dé ẹnu géètì yunifásítì, wọ́n á tún sá a padà. Ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan ní Èkó ti ṣèlérí pé àwọn yóò gba àwọn mẹ́ta tó bá ṣíwájú síṣẹ́, pẹ̀lú ilé gbígbé. Abẹ́ àtíbàbà ni Tinúadé wà pẹ̀lú Alàgbà, ó ń pín omi fún àwọn èèyàn pàtàkì. Nígbà tí wọ́n yin ìbọn, Khàdíjàh ló ṣíwájú. Ìyá rẹ̀ wà láàárín èrò, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹni karùn-ún ti kọjá kó tó yọ. Gìgísẹ̀ ló fi ń sáré, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin iná. Kò ṣubú. Ó kọjá okùn, ó dúró, ó ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ bá òun tú okùn bàtà, nítorí òun kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló tú u. Ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ ti dúdú níwájú, èékánná méjì sì bá ìbọ̀sẹ̀ náà jáde. Kò pẹ́ sí i ni ayàwòrán ní kí gbogbo asáré tò, kí wọ́n wọ bàtà wọn. Khàdíjàh tún un wọ̀. Nínú fọ́tò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Alàgbà títí di ìsinsìnyí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Egbò náà kò jinná. Ìyá rẹ̀ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó lọ ra oògùn ní kẹ́mísì, ó ń retí kó gbẹ. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú tó sì ń rùn, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n gé ọmọ ìka ńlá àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan ní Sábó ló bá Fàòsíyà kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ náà sì jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀.

Òwúrọ̀ Túsìdeè ni. Alàgbà fi ọkọ̀ gbé Tinúadé lọ síbi ìjókòó náà, ó ní kó mú irin tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀ dání. "Ohun tí wọ́n bá bi ọ́ nìkan ni kí o dáhùn," ló sọ fún un lójú ọ̀nà.

Olóyè Fáníyì ni alága. Ọkùnrin mẹ́rin mìíràn jókòó sọ́tùn-ún àti sósì rẹ̀, Adédàmọ́lá sì wà ní ìpẹ̀kun tábìlì, ó ń kọ̀wé. Fàòsíyà rojọ́ tirẹ̀ lórí ìdúró. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun jẹ́ mọ́kànlélógójì, ọmọbìnrin tó wà lọ́ọ̀kán yìí gan-an ló sì wọ̀n ọ́n. Olóyè Fáníyì ṣí fáìlì.

"Méjìdínlógójì ló wà nínú ìwé. Bàtà tí wọ́n fún un, méjìdínlógójì. Màmá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn. Irin nìyẹn. Ẹ wọn ẹsẹ̀ náà kí gbogbo wa rí i."

Wọ́n gbé àga fún Khàdíjàh. Tinúadé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wo, sà?"

"Èyí tí wọ́n torí rẹ̀ kọ̀wé sí wa."

Khàdíjàh tú báńdéèjì kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n gé ti ń san, ó ń dán bí inú ìkarahun. Tinúadé gbé gìgísẹ̀ náà lé ìdí irin, ó ti ọ̀pá rẹ̀ wá síwájú jẹ́jẹ́ títí tó fi kan ọmọ ìka tó ṣẹ́kù tó gùn jù. Ẹsẹ̀ òsì wà nínú sílípáàsì nítòsí, kò tó ìbú ọwọ́ kan sí irin náà, ọmọ ìka rẹ̀ márùn-ún pé. Ó wò ó. Khàdíjàh náà wò ó, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo Tinúadé.

"Mélòó?" ni alága béèrè.

"Méjìdínlógójì, sà."

Adédàmọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?" Fàòsíyà ti bọ́ sí àárín yàrá. "Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ti gé ìyẹn! Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Màmá, a ti gbọ́ tiyín," ni alága wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wúkọ́. Òmíràn wo aago ọwọ́ rẹ̀. Fàòsíyà yíjú sí Tinúadé, ó ń retí. Tinúadé ń wo irin.

"Àǹtí," ni Khàdíjàh wí jẹ́jẹ́, "ṣé mo lè gbé e kúrò?"

"O lè gbé e."

Ìyá rẹ̀ ló bá a wé báńdéèjì náà padà. Ó pẹ́ kó tó wé e tán. Lẹ́yìn náà wọ́n jáde. Àtẹ̀gùn ilé náà pọ̀. Khàdíjàh gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, á dúró, á wá gbé ọ̀tún tẹ̀ lé e.

Nínú ọkọ̀, Alàgbà Awóníyì ní iṣẹ́ òní pọ̀ jù fún obìnrin. Ó ní kó má wulẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ lónìí, kó máa lọ sílé lọ sinmi.

"Ẹ ṣé, sà," ni Tinúadé wí. Kò rẹ̀ ẹ́ rárá.