Yàrá Méjì Tí Baba Efigenio Fi Pamọ́

Ẹnu iṣẹ́ ni Damaris wà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà pupa ní ilé ìdáná ilé-ìwé kan ní Yauco, nígbà tí Wilfredo, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń bá a ṣètò owó tó fẹ́ yá ra ilé, pè é lórí fóònù.

"Adíyelé tí báńkì rán lọ wo ilé ti kọ̀wé wá o. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là ló pe ilé tí o fẹ́ rà."

Damaris jáwọ́ nínú ẹ̀wà. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje lèmi àti Baba Efigenio tó ni ín jọ fẹnu kò sí!"

"Báńkì kì í yáni lówó lórí àdéhùn ẹnu. Iye tí ilé bá tó lójú adíyelé ni wọ́n ń wò. Yálà kí baba gba ọgọ́rùn-ún, tàbí kí o wá ìyókù níbòmíràn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ti lọ nìyẹn."

"Ṣebí èmi ni mo sanwó obìnrin adíyelé yẹn?"

"Ìwọ lo sanwó, báńkì ló rán an níṣẹ́. Kò gbọdọ̀ gbè ọ́, kò sì gbọdọ̀ gbe baba. Ka ìwé rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, kọ ọ́ wá pẹ̀lú ẹ̀rí. 'Owó yìí kéré lójú mi' kì í ṣe ẹ̀rí o."

Òkè ilé ẹni tó ń lẹ táyà ni Damaris àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Orúnkún ìyá náà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti pé oṣù méjì tó ti sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Ilé Baba Efigenio kò ní àtẹ̀gùn kankan, iye rẹ̀ sì ni ọwọ́ Damaris lè tó. Kò rí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo ìlú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó ka ìwé náà. Yàrá méjì ni adíyelé kọ. Damaris mọ̀ pé mẹ́rin ni. Nísàlẹ̀ ló ti rí i: *Apá ẹ̀yìn wà ní títì. Onílé ní ti àbúrò òun tó wà ní Chicago ni, kò sí lára ohun tí òun ń tà.*

Ó dìde, ó di ilé Baba Efigenio. Baba jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. A kì í pe àgbà ní òpùrọ́ lójú ara rẹ̀, nítorí náà Damaris gba ẹ̀gbẹ́ wọnú ọ̀rọ̀ náà.

"Baba, àbúrò yín tó wà ní Chicago ńkọ́?"

"Àbúrò wo?" Baba gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó tún gbé e wálẹ̀ sínú kọfí. "Há. Èyun. Ìyá mi ò tíì bí i."

"Baba!"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Obìnrin kan gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n dé, ó ń ya fọ́tò, ó ń kọ̀wé. Kí ni kò bá jẹ́ bí kò ṣe agbowó orí? Ládùúgbò wa níbí, bí ẹni ìjọba bá dé, ilé a kéré. Bó bá lọ tán, ilé a tóbi padà. Mo fi kọ́bọ́ọ̀dù dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo tún sọ fún un pé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná lórí òrùlé ti bàjẹ́."

"Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ fi ilé ṣe fáàrí fún gan-an lẹ fi í pamọ́ fún. Mo sọ fún yín pé ẹnìkan ń bọ̀ wá wo ilé."

"O ò sọ pé ẹni rere ni."

Damaris fa àga kan, ó jókòó tì í. Òun alára kò mọ iṣẹ́ adíyelé títí di àárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bí mo bá wá jẹ́wọ́," ni baba wí, "ṣé agbowó orí ò ní gbọ́?"

"Adíyelé kì í bu owó orí. Bẹ́ ẹ bá sì ti tà á fún mi, èmi ni n ó máa san owó orí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé ẹ gba ìwé àṣẹ nígbà tẹ́ ẹ kọ́ ẹ̀yìn yẹn?"

Baba wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde pẹ̀lú agolo bisikíìtì. Ìwé náà wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. "Ìyàwó mi ló fi dandan lé e," ló sọ, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi ìwà rere.

Damaris fi ìwé àṣẹ náà ránṣẹ́ sí Wilfredo, pẹ̀lú lẹ́tà tí baba fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àti iye tí wọ́n ta ilé méjì tó ní yàrá mẹ́rin mẹ́rin ládùúgbò náà lọ́dún yẹn. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, adíyelé, Ivelisse Lugo, padà wá. Baba ti wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì dúró dè é.

"Baba, àbúrò Chicago ńkọ́?" ni Ivelisse bi í.

"Ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

"Ó káre." Obìnrin náà ń wọn ilé lọ. Baba tẹ̀ lé e kọjá yàrá ẹ̀yìn, ó kọjá ilé adìyẹ. "Ẹ kọ igi píà yẹn mọ́ ọn."

"A kì í díyelé igi píà, baba."

"Ẹ tọ́ ọ wò ná!"

Ìwé kejì dé. Òrùlé balùwẹ̀ ẹ̀yìn ń jò, ìyẹn mú kí iye náà fi ẹgbẹ̀rún méjì dín sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje.

"Igi píà yẹn nìkan ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ!" ni baba pariwo.

Damaris na ìwé náà sí i. Kò ní ẹgbẹ̀rún méjì níbì kankan, baba sì mọ̀. Baba gba ìwé náà, ó ń kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó dúró lójú ibì kan, ó tún un kà sókè: "*Ipò ilé: ó dára. Onílé tọ́jú rẹ̀ gan-an.*"

Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Iye tí wọ́n kọ ni kí o kọ sínú ìwé àdéhùn wa," ló wí níkẹyìn. "Àmọ́ ṣe ẹ̀dà ojú ewé yìí fún mi. Ọmọ mi tí mo ń lọ bá ní Orlando ń sọ kiri pé inú ahéré ni mo ń gbé."

Damaris ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má baà sọnù lọ́nà.