Ọjọ́ Tí N Kò Gbọdọ̀ Rẹ́rìn-ín

Ẹ̀rín mi kì í ṣe ẹ̀rín obìnrin jẹ́jẹ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, ẹni tó wà ní bàlùwẹ̀ á yára fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ọmú mi á máa jó, ikùn mi á máa gbè é, nígbà mìíràn ìdí náà á fi ohùn tirẹ̀ kún un. Ọmọbìnrin mi àgbà máa ń sọ pé ẹ̀rín yìí ló máa pa mí lọ́jọ́ kan. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi fá orí àti irùngbọ̀n àwọn èèyàn, kò sì sí ẹni tó jáde tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ rí. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ọwọ́ náà kò tíì gbọ̀n di òní. Iyè rẹ̀ ló rà. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, pé kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ó lè pè mí ní ìyá rẹ̀, lọ́sàn-án kó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí, bó bá di ìrọ̀lẹ́ kó bi mí pé nígbà wo ni mo máa lọ sílé ọkọ mi.

Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo bá àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì já a gbà. Ìwà òmùgọ̀ ni. Bí o bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà, olè lo jẹ́ lójú rẹ̀. Ó bá mi jà bí ẹni ń bá olè jà, ẹ̀ẹ̀meje sì ni abẹ́rẹ́ wọlé kí wọ́n tó rán àtẹ́lẹwọ́ mi tán.

Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wá wò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: bí òun bá tún rí ohun mímú kan ṣoṣo nínú ilé wa, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni bàbá ń lọ, èyí tí wọ́n ń fi àgádágodo ti geètì rẹ̀. Ọmọ mi àgbà fọwọ́ sí i. Orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ parí. Wọn kò bi bàbá, wọn kò bi mí. Mo ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń fárí lẹ́yìn olórí nìyí?"

Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ wo ọwọ́ yín."

Mo wò ó.

Ó kó gbogbo ọ̀bẹ ilé lọ, títí kan èyí tí a fi ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì. Ó ní abẹ bàbá ńkọ́? Mo ní mo ti jù ú nù. Irọ́ gbuu. Abẹ tí èkù rẹ̀ ti jẹ lọ síbi tí ìka ọkọ mi ń dì mú, abẹ tó bọ́ àwa àti ọmọ mẹ́rin, kí n wá jù ú sínú garawa ìdọ̀tí? Inú agolo bísíkíìtì tí mò ń kó bọ́tìnnì sí ni mo fi í pamọ́ sí. Èmi tí mo mọ̀ pé bísíkíìtì ni ọkọ mi ń wá kiri ilé látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Ẹni tó fi ẹja pamọ́ sínú àwo ológbò, kí ló fẹ́ kí ológbò ṣe?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, aago mẹ́wàá ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, mò ń fọ ẹsẹ̀ ní bàlùwẹ̀, mo gbọ́ tí bọ́tìnnì ń dà sílẹ̀ wàràwàrà. Mo ti mọ̀. Omi ẹsẹ̀ mi kò gbẹ tí mo fi dé pálọ̀.

Ọkọ mi ti gbé àga kan síwájú dígí ńlá ara ògiri. Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí i. Bàbá inú dígí ló ń bá wí.

"Jókòó. Mo ní kí o jókòó! O fẹ́ fá irùngbọ̀n, o ò fẹ́ jókòó. Irú oníbàárà wo nìyí?"

Ó fi abẹ ha ojú dígí. Irùngbọ̀n bàbá inú dígí kò kúrò. Ó fọwọ́ òsì kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó rí i pé ti inú dígí náà ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹn-ẹn! Ibẹ̀ yẹn gan-an," ló wí, ó sì ń gbé abẹ bọ̀ ní ọ̀fun rẹ̀.

Bí mo bá pariwo, ọwọ́ tí kò gbọ̀n rí lè gbọ̀n. Bí mo bá já a gbà, ẹ ti gbọ́ ti àlùmọ́gàjí. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí àìsàn náà kò tíì rí kó lọ: oníbàárà tó bá ti jókòó ló ni abẹ. Ọkọ mi kò fi orí sílẹ̀ láàárín rí. Lọ́jọ́ tí mò ń rọbí àbíkẹ́yìn, tí wọ́n sáré lọ pè é, ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ náà kó ní sùúrù, ó ku ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá sì fá orí tán, á gbé abẹ sílẹ̀ kó tó fún oníbàárà ní dígí.

Mo jókòó gbì sórí àga náà. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá fárí."

Abẹ náà dúró lójú ọ̀nà. Ó wò mí. "Obìnrin?"

"Obìnrin ni, ọ̀gá."

"Kí ni irun yìí ṣe fún yín?"

Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Òun nìkan ló kù tí mo fi ń ṣe fáàrí. Eyín ti dín, ọmú ti sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìdodo ṣeré, ṣùgbọ́n irun mi, mo gé e mọ́lẹ̀ dáadáa, ó kún, ó funfun báláú.

"Iná orí ni, ọ̀gá. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ń ní àna."

Ó fà sẹ́yìn. "Kó má fò mọ́ mi o! Ẹ tẹ orí ba. Ẹ má mira."

Ó fi aṣọ ìnura wé mi lọ́rùn. Omi tí mo gbé kalẹ̀ fún oògùn rẹ̀ ló fi rin irun mi. Abẹ bẹ̀rẹ̀ níwájú orí, ó tutù, ó ń dún kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, irun mi sì ń já bọ́ sórí itan mi. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni ẹnu mi, ẹnu ọ̀ràn, fi bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ níyàwó?"

"Mo ní. Kò sí nílé."

"Ó lọ síbo?"

"Ta ló mọ̀? Ibi tí ariwo bá wà ni kí ẹ wá a lọ." Abẹ yípo etí mi. "Ẹ ò mọ ẹ̀rín rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, títí ó fi só. Pàà! Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá rẹ̀ wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, ẹ má bínú, sà, èmi ni."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Títí bàbá mi fi kú, Aláfẹ́fẹ́ ló ń pe ọkọ mi, ọkọ mi kò sì sọ ẹni tó ni afẹ́fẹ́ náà.

Ẹ̀rín gbéra ní ìsàlẹ̀ ikùn mi. Mo mọ ìrìn rẹ̀. Ó dé ìdodo, ó dé àyà, abẹ sì wà ní ìpàkọ́ mi, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Mo gé ètè mi jẹ. Èjìká mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ki èékánná bọ ojú ibi tí wọ́n rán ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ títí omi fi dà lójú mi. Ẹ̀rín náà padà sẹ́yìn, ó ń kùn.

Kọ́kọ́rọ́ dún lára ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì ti tètè dé, ọmọ mi àgbà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi rí abẹ, ó lanu. Mo na ìka kan jáde lábẹ́ aṣọ ìnura, mo mì í: rárá, rárá. Nọ́ọ̀sì di ọmọ mi lápá mú.

"Ta nìyẹn?" ni ọkọ mi wí. Abẹ dúró gbagidi lára ọrùn mi.

Nọ́ọ̀sì kò ṣẹ́jú. "Oníbàárà ni, ọ̀gá. Ṣé èèyàn ṣì pọ̀ níwájú mi?"

"Ó ku ìlàjì orí kan. Jókòó. Kí ẹnì kejì rẹ náà jókòó, ó ń dí ìmọ́lẹ̀ fún mi."

Wọ́n jókòó bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Òógùn ṣàn láti ẹ̀yìn mi, ó gba àárín ìdí mi kọjá, n kò lè nù ún. Kẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi di ẹnu ara rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Níkẹyìn ọkọ mi nu orí mi, ó gbé abẹ sílẹ̀ sórí tábìlì, ó sì mú ìdérí agolo bísíkíìtì tó ń dán, ó gbé e síwájú mi. "Ẹ wò ó."

Mo fi ọwọ́ kan gba ìdérí, mo fi èkejì pa abẹ dé, mo sì jókòó lé e bí adìẹ. Bí n kò bá ti pa á dé ni, abẹ́rẹ́ ìbá tún wọlé, níbi tí n kò lè fi han àlejò.

Ọkọ mi kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ó kàn ọ́."

Nọ́ọ̀sì di irun ara rẹ̀ mú. "Ọ̀gá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ ti ṣe tó lónìí."

Ọkọ mi wo oòrùn lójú fèrèsé, ó tún wò ó. "Ilẹ̀ wo? Ojo ló ń ṣe ọ́."

Bí ẹ̀rín tí mo dè mọ́lẹ̀ ṣe já nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń sunkún. Ọmọ mi ń sunkún ní tirẹ̀, inú sì ń bí i. "Màámi, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ti jù ú nù! Ẹ ì bá ti kú!"

"Mo mọ̀," ni mo wí. Mo fa abẹ jáde lábẹ́ ìdí mi, ó ti móoru, mo gbé e lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. "Èmi ni mo fi í pamọ́. Èmi ni mo purọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń lọ síbi àgádágodo, èmi ni kí ẹ gbé."

Ọmọ mi ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí àwọn lọ sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì. Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ẹ jẹ́ kí bàbá gbọ́ ọ. Ọ̀gá, bí a bá ní kí ẹ kó kúrò níbí ńkọ́?"

Ọkọ mi ń gbá irun mi jọ pẹ̀lú ẹsẹ̀. "Ta ni yóò máa ṣí ṣọ́ọ̀bù?"

Nọ́ọ̀sì wé abẹ náà mọ́ inú aṣọ, ó sọ ọ́ sínú báàgì. "Oṣù kan ni mo fún yín kí n tó pinnu," ló wí. "Ọmọ yín á máa wá tú gbogbo agolo ilé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màá wá ẹni tí yóò máa bá yín jókòó tì í. Ṣùgbọ́n, Màmá, bí ẹ bá tún fi abẹ́rẹ́ lásán pamọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ tán." Ó wo ọwọ́ ọkọ mi. "Ẹ wá ọṣẹ fún un, kí ẹ sì wá kóòmù."

Ọjọ́ kọkànlélógún nínú oṣù kan náà rèé. Mò ń ka ọjọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Láràárọ̀, mo máa ń jókòó gbì síwájú dígí, ọkọ mi á fi ọṣẹ kun orí mi títí yóò fi hó, á wá fi ẹ̀yìn kóòmù fá a, jẹ́jẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì. Báyìí mo lè rẹ́rìn-ín bó ṣe wù mí. Ó máa ń bá mi wí: "Ẹ má mira!" Bó bá tán, á gbé ìdérí agolo síwájú mi.

"Ṣé iná náà ti tán?"

Mo máa ń wo orí mi nínú ìdérí náà, bí irun tuntun ti ń yọ níbẹ̀ bí àgbàdo funfun.

"Ó ku díẹ̀, ọ̀gá. Màá tún yà lọ́la."