Ọmọ Tí Ìjọba Méjì Kọ̀

Láti àárọ̀ ni káfíńtà kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta géètì, àpò aṣọ ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Màmá Ọgbà ń wò ó láti ojú fèrèsé. Òun ni alábòójútó ilé ìtìmọ́lé àwọn ọmọdé náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ti jáde lọ kí bàbá náà lẹ́ẹ̀kan. Èsì tí ọkùnrin náà fún un ni pé, “Ẹ fi ìkíni yín pa mọ́, ẹ bá mi mú ọmọ mi jáde.”

Bàbá ò jẹ̀bi. Adájọ́ ti sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ọmọbìnrin náà kọ́ ló fọ́ dígí ṣọ́ọ̀bù, pé ẹni tó fọ́ ọ ti jẹ́wọ́, kí ọmọ máa bá bàbá rẹ̀ lọ sílé. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ilé náà ní òfin kan tí kò sí nínú Májẹ̀mú Láéláé, tí kò sì sí nínú Tuntun. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń sanwó oúnjẹ àti ibùsùn ọmọ tó bá ń retí ìdájọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san ti ọmọ tí wọ́n bá dá lẹ́bi. Ìjọba tó bá sì buwọ́ lu ìwé ìjáde ọmọ ti gbà nìyẹn pé tòun ni gbogbo gbèsè ọmọ náà láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ìdí nìyí tí bírò fi wúwo lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Màmá Ọgbà ti bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n sì wá lọ́jọ́ náà: akápò ìjọba ìbílẹ̀, bàbá kúkúrú kan tó máa ń la ọ̀fun kó tó sọ̀rọ̀ burúkú, àti màdáámù kan láti ìpínlẹ̀, tí kò jókòó títí ó fi nu àga. Ọ́fíìsì tí wọ́n wà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí irú ìfẹ́ tó wà láàárín wọn. Ìpínlẹ̀ kun ìlàjì ògiri ní funfun, ìbílẹ̀ kun ìlàjì tó kù ní àwọ̀ ewé, ibi tí ọ̀dà méjèèjì ti pàdé sì wọ́ lọ bí ejò lẹ́yìn àga Màmá Ọgbà.

Akápò ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní adájọ́ ìpínlẹ̀ ló ń sún ẹjọ́ síwájú. Ó lọ ìsinmi, ó sún un. Ó lọ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó tún sún un. Ikùn ọmọ kò mọ̀ pé wọ́n sún ẹjọ́, ojoojúmọ́ ló ń jẹun. Kí ẹni tó ń sún ẹjọ́ wá sanwó ohun tó sún.

Màdáámù ní ọmọ tí wọn kò dá lẹ́bi kò kan ìpínlẹ̀ rárá. “Ẹ lọ ka òfin, bàbá, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà.”

“Mo ti kà á kí wọ́n tó bí yín.”

“Ó hàn. Ẹ ò sì tíì padà kà á látìgbà náà.”

Màmá Ọgbà dá sí i. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pín gbèsè náà sí méjì, kí kálukú gbé ìdajì, kí ọmọ ọlọ́mọ lè rílé lọ. Àwọn méjèèjì ló yíjú sí i pẹ̀lú ìbínú. Akápò ní ẹni tó bá gba ìdajì ẹ̀bi ti gba ẹ̀bi. Màdáámù béèrè bóyá owó oṣù ti pọ̀ lápò Màmá tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń pín owó olówó kiri.

Wọ́n wá ní kí ó pe ọmọ náà wá. Ó wọlé nínú aṣọ tó ti wọ̀ láti òwúrọ̀ láti fi lọ sílé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Màdáámù bi í pé, “Ìwọ, àwọn ọlọ́pàá wo ló mú ọ wá síbí? Ti ìbílẹ̀ àbí ti ìpínlẹ̀?”

“Wọ́n ń lù mí,” ni ọmọ náà wí. “Mi ò ráyè bi wọ́n.”

Akápò la ọ̀fun, ó ní ìdáhùn yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìjà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Màmá Ọgbà rántí Sólómọ́nì. Obìnrin méjì ń jà lórí ọmọ kan, olúkúlùkù ní tòun ni. Àwọn wọ̀nyí ń jà, kálukú ní kì í ṣe tòun. Bí ọba yẹn bá sì ní kí wọ́n mú idà wá, wọn á kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò sanwó idà. Ó dìde.

“Akápò, ṣé tiyín ni ọmọ yìí?”

“Kì í ṣe tiwa.”

“Màdáámù, ṣé tiyín ni?”

“Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìjọba, tí adájọ́ ti ní kó máa lọ, tí mo wá tì mọ́lé, gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n ń pe irú mi.” Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde.

Wọ́n tẹ̀ lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń bú ara wọn. Akápò ní bí ó bá ṣí géètì láìsí ìbuwọ́lù, iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Bó ti kúrú tó yẹn, òun ló ṣáájú dé ibẹ̀, ó sì na apá méjèèjì dí ọ̀nà. Màdáámù náà gbá irin géètì mú. Níta, káfíńtà ti dìde dúró.

Màmá Ọgbà kò pariwo. “Ẹ dúró síbẹ̀ dáadáa,” ló wí. “Ẹni tó bá dá ọmọ yìí dúró ló ni ín. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú bírò wá fún yín.”

Akápò wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màdáámù ti jọ̀wọ́ irin kó tó yẹ̀, ó sì ń nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Géètì ṣí. Ọmọ náà rìn jáde láìwẹ̀yìn, bàbá rẹ̀ sì fà á mọ́ra. Màmá Ọgbà ń retí pé yóò sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì sọ ọ́.

“Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ yìí wà látọjọ́ tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Ọlọ́run á bi yín.” Ó pòṣé, ó gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n lọ.

Màmá Ọgbà ń gbọ́ ohùn akápò lẹ́yìn rẹ̀, ó ní obìnrin yìí kò gbọdọ̀ rí ọ̀la nínú ọgbà yìí. “Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ,” ni màdáámù dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Bẹ́ẹ̀ ni Hẹ́rọ́dù àti Pílátù ṣe di ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Màmá Ọgbà ti géètì padà, nítorí àwọn ọmọ mìíràn ṣì wà nínú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí akápò àti màdáámù láti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe.